Àpáta Tí Kò Sí Nínú Kọ̀ǹpútà

Bí ẹ bá dé ìdí réluwé ní Ṣábẹ̀, tí ẹ béèrè Félix onípílánù, ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ rí ló máa mú yín dé ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa bi ara yín léèrè pé kí ló kan èmi Madeleine, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ onípílánù. Ó kàn mí. Èmi ni mò ń bá a gbé.

Kó tó di onípílánù, fọ́tòkópì ló ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà, ètò tí wọ́n fi ń ya ilé. O fa ìlà, ìlà á di ògiri. O gbé fèrèsé sí i, fèrèsé á dúró. O tẹ ibì kan báyìí, ilé á dìde, wàá sì máa rìn kiri nínú rẹ̀ láìkúrò lórí àga. Ọkọ mi kò jẹun lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, mi ò ní ìsinmi mọ́. A máa jókòó ti oúnjẹ, ògiri ló máa máa wò. Á ní, "Madeleine, ká ní wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí sí apá ọ̀hún ni, afẹ́fẹ́ ì bá máa wọlé." Ilé onílé la ń gbé o! Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn?

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ náà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó mọ̀ ọ́n fún àwọn ẹlòmíràn. Àwọn ènìyàn ń wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀: Dieudonné mọlémọlé, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ sílùú wọn. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Á máa fi ìka kan tábìlì kókókó.

"Ẹ wọn ilẹ̀ kí ẹ tó fa ìlà kankan. Kọ̀ǹpútà kò mọ ilẹ̀ yín. Koríko tútù ló máa ń tẹ́ sábẹ́ ilé gbogbo ayé, pẹrẹsẹ. Ṣé bí ilẹ̀ Ṣábẹ̀ ṣe rí nìyẹn? Ẹ parí ògiri kí ẹ tó máa gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn bẹ́ẹ̀dì! Ilẹ̀kùn yín, apá ibo ló ń ṣí sí? Tó bá ń ṣí lu bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ẹ má máa wo ilé láti òkè bí ẹyẹ. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ dúró níbi tí ojú ènìyàn mọ, kí ẹ wò ó bóyá ẹni tó wà nílé ìdáná lè rí ẹni tó ń wọlé bọ̀. Ẹ máa pa iṣẹ́ yín mọ́, ẹ tún un pa mọ́, iná lè lọ nígbàkigbà. Kí ẹ tó fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ wò ó. Kí ẹ sì kọ orúkọ sára ohun gbogbo, torí ẹni tó ń wo pílánù yín kò sí nínú orí yín."

Ẹ fi ti ìkẹyìn yẹn sọ́kàn. Ẹni tó ń sọ ọ́ ni kò ṣe é.

Màmá Àdùkẹ́ ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ìlú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Opó ni, ilé amọ̀ tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ló ṣì wà. Níwájú ilé náà ni àpáta kan wà, ó fẹ̀, ó tẹ́jú, oòrùn kì í kúrò lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Màmá ń sá gbodo sí, ìyẹn iṣu tí wọ́n bẹ, tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n sá títí tó fi gbẹ kó tó di èlùbọ́. Ní àsìkò ọyẹ́, funfun báláú ni àpáta yẹn máa ń rí. Gbodo rẹ̀ kì í hu, ẹ ò lè bá iyanrìn nínú rẹ̀, láti Kútọnu ni wọ́n ti ń wá rà á. Àwọn obìnrin àdúgbò náà ń sá tiwọn síbẹ̀, wọ́n á jókòó yí etí àpáta ká, wọ́n á máa bẹ iṣu, wọ́n á máa ròyìn gbogbo ìlú. Èmi tí mo wá láti Pọ́bẹ̀, tí mi ò mọ ẹnì kankan ní Ṣábẹ̀ nígbà tí ìjọba gbé mi wá, orí àpáta yẹn ni mo ti ní ọ̀rẹ́. Àwọn ọmọ Màmá ti lọ tán. Bí àpáta yẹn bá kúrò níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dilẹ̀, ilé rẹ̀ á sì dá páropáro.

Romuald ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Gàbọ́ọ̀n ló wà, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Òun àti Félix ni wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan nílé-ẹ̀kọ́. Ó pe Félix pé òun fẹ́ kọ́ ilé bíríkì fún ìyá òun nínú àgbàlá yẹn, kí Félix yà á. A jọ lọ wọn ilẹ̀, torí Sátidé ni, èmi ni mo sì di etí kejì okùn ìwọ̀n mú nínú oòrùn. Màmá fún wa lómi, ó jẹ́ ká mu ún tán, ó wá sọ̀rọ̀.

"Félix, ilé tó bá wù yín ni kí ẹ kọ́. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ gbé e sí. Ṣùgbọ́n àpáta mi yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Ṣèlérí fún mi."

Félix gbé ọwọ́ lé àyà. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo ya ilé yìí, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan àpáta yín."

Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ.

Ó wá délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ilé náà dára, mi ò lè purọ́. Ó gbé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjú sí àpáta, kí Màmá lè máa ṣọ́ gbodo rẹ̀ lọ́wọ́ ewúrẹ́ nígbà tó bá ń se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan kó fi àpáta síbẹ̀, kò rí àpáta. Gbogbo ohun tí kò wúlò fún wa ló wà nínú ètò náà: igi òyìnbó oríṣiríṣi, ajá, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìkòkò òdòdó. Àpáta, kò sí. Ó mú kápẹ́ẹ̀tì, ó fà á fẹ̀, ó jọ ẹní tí wọ́n tẹ́ síta. Ó mú tábìlì, tábìlì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ó wá rí pisíìnì. Ẹ mọ̀ ọ́n, ihò omi tí àwọn olówó ń gbẹ́ sílé láti máa lúwẹ̀ẹ́. Pisíìnì yẹn, o lè fà á wọ́gọwọ̀gọ bó bá ṣe wù ẹ́. Félix fà á títí tó fi bá etí àpáta Màmá mu, ó pa àwọ̀ omi náà dà sí àwọ̀ eérú, ó wá ké sí mi.

"Madeleine! Wá wo àpáta!"

Mo wò ó. Lóòótọ́, ó jọ ọ́. Mo ní, "Bàbá Élodie, báwo ni Romuald ṣe máa mọ̀ pé àpáta ni?"

"Ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ta ni kò ní mọ àpáta ilé bàbá ẹ̀?"

"Ẹ ṣáà kọ ọ́ sí i lára. Àpáta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Á ba àwòrán jẹ́."

Á ba àwòrán jẹ́! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí o. Ẹni tó ń kan tábìlì mọ́ gbogbo ayé létí pé kí wọ́n kọ orúkọ, àwòrán tirẹ̀ ni orúkọ fẹ́ bà jẹ́.

Kò pa á mọ́. Ṣé ẹ rò pé ó pa iṣẹ́ ìkẹyìn yẹn, àwọ̀ eérú náà, mọ́? Iná lọ. Nígbà tí iná dé, ó ṣí i, ó ní kí ètò náà gbé àwòrán tó mọ́lẹ̀ jáde, ìyẹn sì máa ń pẹ́. Àwọn oníbàárà fọ́tòkópì ti ń kígbe lẹ́nu ọ̀nà. Bí àwòrán ṣe jáde, ó fi ránṣẹ́ sí Gàbọ́ọ̀n, kò wò ó. Èmi ni mo wò ó lẹ́yìn náà. Àwọ̀ eérú ti lọ. Omi ló wà níbẹ̀, omi aláwọ̀ búlúù, tó ń dán yinrin. Ètò náà sì ti bá wa gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú méjì àti agbòòrùn sétí rẹ̀.

Kí n tó pè é pé kó wá wò ó, ohùn Romuald ti dé sórí fóònù, ó ń pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Félix! Félix! Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí? Pisíìnì! Nílé bàbá mi! Mo ti fi han gbogbo àwọn ará Ṣábẹ̀ tó wà níbí, ẹnu yà wọ́n. Màmá mi náà á jókòó sórí àga yẹn, á na ẹsẹ̀, á gbádùn. Má yí nǹkan kan padà o!"

Félix gbé fóònù kalẹ̀.

Mo ní, "Ẹ pè é báyìí."

"Màá pè é."

"Báyìí, Félix." Bí mo bá pè é ní Félix, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

"Madeleine, inú ẹ̀ ń dùn. Ìgbà wo la ti gbọ́ ọ kó rẹ́rìn-ín báyìí? Jẹ́ kó gbádùn ẹ̀ díẹ̀. Màá rọra sọ fún un."

Rọra! Ohun tí ọkọ mi mọ̀ jù láyé nìyẹn. Kò lè rí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kó bà á jẹ́. Tí wọ́n bá fún un ní ìwé tó ya kó ṣe fọ́tòkópì rẹ̀, á kọ́kọ́ jókòó lẹ̀ ẹ́ fún wọn. Mo fẹ́ ẹ nítorí ìyẹn, ìyẹn náà ló sì fẹ́ pa mí. Bí mo bá jí, mo bi í, "Ṣé o ti sọ?" "Màá sọ." Bí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, "Ṣé o ti sọ?" "Ó níṣẹ́ lọ́wọ́." Romuald tún fi ohùn ránṣẹ́ pé òun fẹ́ iná lábẹ́ omi náà, kó máa tàn lálẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn, Félix ya iná sí i! Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé?" Ó ní, "Ó bẹ̀ mí ni." Tó bá sì bá Màmá Àdùkẹ́ pàdé lọ́nà ọjà, Màmá á bi í, "Félix, àpáta mi ńkọ́?" Á dọ̀bálẹ̀. "Ó wà níbẹ̀, Màmá. Kò sí nǹkan tó máa ṣe é." Mo rò pé màá fúnra mi pe Romuald. Félix bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é, pé á di pé ìyàwó òun ló ń gbẹnu sọ fún òun. Mo gbà fún un. Ó ṣì ń dùn mí pé mo gbà.

Romuald wá rò pé kí òun fi nǹkan ya ìyá òun lẹ́nu. Kò sọ fún Félix, kò sọ fún ẹnì kankan. Ó bá àwọn òṣìṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ láti Kútọnu, ó fi pílánù ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì kó ẹ̀rọ ìfọ́kúta sọ́kọ̀, wọ́n dé. Pisíìnì ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́. Félix mọ ilẹ̀ wọ̀n, ohun tó kó bá wa nìyẹn. Wọ́n wọn ilẹ̀ láti igun ilé amọ̀ gẹ́lẹ́ bí pílánù ṣe wí, wọ́n bá ara wọn lórí àpáta. Wọ́n ní áà, abájọ tí Romuald fi ní ká mú ẹ̀rọ dání. Màmá kò sí nílé, ó ti lọ ra iṣu ní Kaboua. Gbodo rẹ̀ wà lórí àpáta. Wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá a jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Zénabou tó ń sá gbodo pẹ̀lú Màmá ló sáré wá bá mi nílé-ẹ̀kọ́. Kò lè sọ̀rọ̀, ó ń na ọwọ́ sí ọ̀nà òkè ṣáá. Mo ní kí wọ́n bá mi wo àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo pe Félix, mo bọ́ sọ́nà. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rọ náà. Félix dé ṣáájú mi, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ti já. Ó kọ lu ẹni tó di ẹ̀rọ mú.

"Ẹ dúró! Ẹ dúró! Àpáta ni!"

Ọ̀gá wọn pa ẹ̀rọ. Ó nu eruku lójú. "A rí i pé àpáta ni, ọ̀gá. Pisíìnì ló wà nínú pílánù. Ta ló ya pílánù náà?"

Félix kúnlẹ̀ ti àpáta náà. Wọ́n ti fọ́ igun kan, ihò náà tó ọpọ́n ìfọṣọ. Òkúta fọ́nká sínú gbodo, eruku sì bo gbogbo rẹ̀. Zénabou ń sunkún. Èmi, inú ló ń bí mi, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí màá kọ́kọ́ gbá létí.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Àdùkẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú àpò iṣu. Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó rìn lọ síbi ihò náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan inú rẹ̀ kiri. Ó ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lé han òun. Ọ̀gá wọn na fóònù sí i.

"Kí ni omi yìí?"

Félix ní, "Àpáta yín ni, Màmá."

Màmá wo fóònù náà, ó wo Félix. "O fi ẹnu ṣèlérí fún mi, o wá fi ọwọ́ ya omi."

Mo ti bá ọkùnrin yìí jà láìmọye ìgbà, àmọ́ nígbà tí Màmá sọ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ṣe mí láàánú. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó yọ fóònù tirẹ̀, ó pe Romuald níṣojú gbogbo wa, irú èyí tí ẹ máa rí ojú ara yín. Romuald jáde sí i pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Romuald, kò sí pisíìnì kankan. Àpáta ìyá ẹ ni mo yà. Mi ò kọ orúkọ sí i. Nígbà tí inú ẹ wá ń dùn, mi ò lè sọ ọ́. Wọ́n ti fọ́ ọ nígun kan báyìí. Èmi ni mo fà á."

Ẹ̀rín kúrò lójú Romuald. "O jẹ́ kí n máa fi han gbogbo ayé? O ya iná sí i fún mi, Félix! Iná!"

"Mo yà á."

Màmá gba fóònù. Ó gbé e jìnnà sójú bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe. "Romuald, ṣé o fẹ́ kí n máa lúwẹ̀ẹ́ ni?"

"Ìyá, mo fẹ́ kí ẹ sinmi ni. Ẹ ti sá gbodo tó. Ṣé èmi ò lè bọ́ yín ni?"

"Orí àpáta yìí ni mo ti ń sinmi. Bí mi ò bá sá gbodo mọ́, ta ló máa wá jókòó tì mí? Ìwọ?"

A rí Romuald tó gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ ní kí wọ́n kó ẹ̀rọ wọn sọ́kọ̀, Ìyá. Ẹ má bínú."

Wọ́n kọ́ ilé náà. Dieudonné ló mọ ọ́n, sẹ́yìn àgbàlá. Bí Màmá bá wà nílé ìdáná, ó ń rí àpáta rẹ̀ dáadáa, ìyẹn ni Félix ṣe tó yanjú. Ihò ṣì wà níbẹ̀. Àpáta kì í hù. Félix fẹ́ fi sìmẹ́ńtì dí i, Màmá kọ̀, ó ní òun ò fẹ́ sìmẹ́ńtì nínú gbodo òun. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi kún inú rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ Zénabou wọ ibẹ̀ lọ ń wẹ̀. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá wo pisíìnì Félix!" Orúkọ dé nìyẹn. Ṣábẹ̀ ò sì jẹ́ gbàgbé orúkọ. Àwọn kan ń fi júwe ilé báyìí: "Tí ẹ bá dé pisíìnì Félix, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún." Àwọn ọmọ kíláàsì mi náà mọ̀ ọ́n. Èmi olùkọ́!

Nítorí omi ihò yẹn, bí òjò bá rọ̀, tí Màmá bá sì ní ohun tó fẹ́ sá, á rán sí ọkọ mi pé, "Ẹ sọ fún Félix, pisíìnì rẹ̀ ti kún o." Félix á gbé garawa àti àkísà, á lọ gbọ́n ọn, á nu ún gbẹ, á sì dúró bá wọn tẹ́ gbodo yí i ká. Ó ṣì ń kọ́ àwọn ènìyàn nísọ̀ rẹ̀, ó ṣì ń kan tábìlì. Tó bá dé ibi "ẹ kọ orúkọ sára ohun gbogbo," á wẹ̀yìn wò bóyá mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, òjò ta sílẹ̀ díẹ̀. Félix gbé búrẹ́dì tó ń jẹ kalẹ̀, ó ń wá garawa.

Mo ní, "Bàbá Élodie, ẹ jẹun tán ná. Ṣé Màmá ló rán sí yín?"

"Kò tíì ránṣẹ́." Ó ti jáde.

Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì, iṣẹ́ wà lójú rẹ̀, kò pa á mọ́. Mo pòṣé, mo lọ jókòó tì í. Pílánù ilé Màmá Àdùkẹ́ ni, èyí tí wọ́n ti kọ́ tán, tí ẹnì kankan ò tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti mú iná kúrò, ó ti mú àga àti agbòòrùn kúrò, omi ti padà di àwọ̀ eérú. Ó kọ ọ́ sí i gàdàgbà-gàdàgbà: ÀPÁTA MÀMÁ ÀDÙKẸ́. Ó ya ihò kékeré kan sígun ọ̀tún, ó sì kọ tirẹ̀ síbẹ̀ náà: PISÍÌNÌ FÉLIX.

Mo bá a pa á mọ́. Mo wá rí i pé ó gbàgbé àkísà tó fi ń nu ún. Mo mú un, mo tẹ̀ lé e lọ.